Ta ló ti kó ọmọ lọ wo ilé Ṣóyínká nínú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Òṣogbo, nílé lóko. Àwa òbí mélòó kan ládùúgbò wa máa ń kó àwọn ọmọ jọ ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kí wọ́n má baà fi gbogbo ọ̀sán dojú bo fóònù. Wọ́n ń kàwé, wọ́n ń pa àlọ́, tó bá di Sátidé a fún wọn ní mọ́ínmọ́ín. Lọ́dún yìí a ní kí a kó wọn jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹnìkan ló wá sọ fún wa pé ilé tí Wọlé Ṣóyínká gbé nígbà tó ń ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀ ti di mùsíọ́mù, pé inú ọgbà yunifásítì gan-an ló wà, àti pé ọ̀fẹ́ ni.

Aṣọ ni mo ń tà, n kì í ṣe tíṣà. Ọmọ 22 ni wọ́n, láti ọmọ ọdún 9 dé ọmọ ọdún 14. Ṣé òótọ́ ni ọ̀fẹ́ yẹn? Ọ̀nà ibo ló yá? Kí la máa ṣe kí wọ́n má baà wo ògiri fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n wá máa bi mí pé oúnjẹ dà? Mo mọ àwọn tèmi.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní lítíréṣọ̀, mo sì ti kó wọn rìn débi pé bí mo bá rí bọ́ọ̀sì iléèwé báyìí, ẹsẹ̀ á máa dùn mí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń wí, ẹnu ọ̀nà ló mọ. Epo ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, píọ̀ wọ́tà kì í ṣe ọ̀fẹ́, ọmọ tó bá bì sára aṣọ ìjókòó ọkọ̀, onímọ́tò kò ní fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó, ẹ kọ lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ kọ iye ọmọ síbẹ̀, ọjọ́ orí wọn, ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, aago tí ẹ máa dé, àti nọ́ńbà fóònù àgbàlagbà méjì. Ẹ béèrè nínú lẹ́tà yẹn bóyá ẹgbẹ́ ọmọdé ń san nǹkan kan ní ẹnu ọ̀nà, bóyá ẹni tó máa mú yín yíká ilé máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Bí ẹ ò bá ní iléèwé tí ẹ lè lo orúkọ rẹ̀, ẹ bá ọ̀gá iléèwé àdúgbò sọ̀rọ̀ kí ó bá yín fọwọ́ sí i. Ẹ má gba "ẹ ṣáà máa bọ̀" lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ojú mi ti rí i ni mo fi ń sọ ọ́. Lọ́dún kan mo kó ọmọ 40 lọ síbì kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹnìkan ti sọ fún mi lórí fóònù pé kò sí wàhálà. A débẹ̀, àgádágodo ló kí wa káàbọ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ síbi òkú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò la ti jẹ ìrẹsì wa, a sì yí padà. Títí dòní, bí mo bá pàdé àwọn ọmọ yẹn, tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọmọ báyìí, igi máńgòrò yẹn ni wọ́n fi ń bú mi.

Bàbá Onímọ́tò Old Garage

Tíṣà, ẹ̀rín pa mí o. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Ní ti ọ̀nà, ẹ gba Ẹdẹ, ẹ já sí Ṣẹ̀kọ̀nà, kí ẹ wá kọjú sí Ifẹ̀. Bíi wákàtí kan ni. Ẹ fi ìdajì lé e, torí ọmọdé, bí ọ̀kan bá ti ní òun fẹ́ tọ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ tọ̀. Ọ̀nà Iléṣà náà á gbé yín débẹ̀ ṣùgbọ́n ó yí. Ọmọ 22 pẹ̀lú àgbàlagbà mẹ́rin, bọ́ọ̀sì elérò 18 kò gbà yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ mẹ́ta lè jókòó sórí àyè ẹni méjì. Kósítà ni kí ẹ háyà, kí ẹ sì fúnra yín wo táyà rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn tí ọkàn gbogbo èèyàn ti wà lójú ọ̀nà.

Ohun kan wà tí àwọn aláwé kì í rántí sọ. Àwa onímọ́tò mọ Ṣóyínká, bí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tilẹ̀ ka ìwé rẹ̀ rí. Nígbà tó wà ní Ifẹ̀, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni ń pa ẹran, ìyẹn ló gbé e dìde. Òun ló wà nídìí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn tí aráyé ń pè ní Májà-májà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò tíì sí nígbà náà, 1991 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wá kúrò lára Ọ̀yọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ pé bí wọ́n bá ti rí Májà-májà lókèèrè, ẹni tó ń sáré àsápajúdé á di ẹni tó ń rìn bí ìyàwó tuntun. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Road Safety sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́.

Ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ nínú ọkọ̀ kí ẹ tó kọjá Ẹdẹ. Kí ẹ wá fún wọn níṣẹ́: kí wọ́n máa ka ọkọ̀ tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́. Ọmọ tó bá ń ka nǹkan kì í rántí bì.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ má bínú sí mi o, ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí lẹ ń wá lọ sí Ifẹ̀? Ẹ mú ọmọ márùn-ún ní Ọjà Ọba lọ́la, ẹ bi wọ́n pé ta ni Dúró Ládípọ̀. Ẹ ó gbọ́ èsì.

Òṣogbo níbí ni ọkùnrin yẹn ti sọ ilé ọtí rẹ̀ di ilé àṣà ní 1962, òun àti Ulli Beier, òyìnbó Jámánì tó fẹ́ràn àṣà wa. Ti Ìbàdàn ló ti wà ṣáájú, ibi tí Ṣóyínká àti Achebe àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pàdé. Mbari ni wọ́n pe tiwọn, èdè Ìgbò ni. Nígbà tí orúkọ náà dé Òṣogbo, àwọn bàbá wa fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, wọ́n ní "Bí mo bá rí i, mà á yọ̀." Ó di Mbari Mbayo. Kí ẹ tó mọ̀, Dúró ti kó eré rẹ̀, Ọba Kò So, lọ jó fún àwọn òyìnbó ní Berlin, 1964. Àkójọpọ̀ ìwé àti fọ́tò Ulli Beier wà ní Abere, nílé iṣẹ́ tó ń rí sí àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ọ̀kadà lásán ni. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO gbà wọlé ní 2005, ẹsẹ̀ la fi ń rìn débẹ̀. Ọmọ wa kò mọ ìwọ̀nyí, ẹ wá ń háyà Kósítà.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọmọ kì í ka ohun tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ sí ìrìn àjò. Bí a ò bá wọ ọkọ̀, wọ́n á ní a ò jáde.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kò purọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ọ̀kan pa èkejì. Àwọn méjèèjì so pọ̀, okùn tó so wọ́n pọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí Ìyá Ìbejì dì mú.

Aláàfin Síyánbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe ayé ìgbà náà, ó yẹ kí Olókùn-Ẹṣin, ìjòyè tó ń tọ́jú ẹṣin ọba, bá ọba lọ. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó gbọ́, ó ní kí wọ́n mú un kí ó má baà kú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dà bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kú dípò bàbá. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ nìyẹn, kì í ṣe àlọ́. Dúró Ládípọ̀ fi ṣe eré ní Òṣogbo níbí, Ọba Wàjà, 1964. Ṣóyínká náà fi kọ eré lédè Gẹ̀ẹ́sì, Death and the King's Horseman, ó jáde ní 1975, lákòókò tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó dùn níbẹ̀. Lọ́wọ́ Dúró, ajẹ́lẹ̀ ló dènà ikú, ọwọ́ òyìnbó la ti rí ẹ̀bi. Lọ́wọ́ Ṣóyínká, ẹsẹ̀ Ẹlẹ́ṣin (bí òun ṣe pe Olókùn-Ẹṣin nìyẹn) fúnra rẹ̀ ti ń wúwo kí ajẹ́lẹ̀ tó dé, ayé ti dùn mọ́ ọn jù. Kódà ó kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé kí ẹnikẹ́ni má sọ eré òun di ìjà àṣà òyìnbó àti tiwa lásán. Ìtàn kan náà, àwọn méjì tí wọ́n mọ ara wọn, ẹ̀bi kò sì bọ́ síbì kan náà.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò, ẹ pa ìtàn yìí fún wọn ní alẹ́ kan, ní Yorùbá, bí ẹni pàlọ́. Ẹ má ṣàlàyé jù. Ẹ kàn bi wọ́n pé: ta ló jẹ̀bi? Kí ẹ dákẹ́. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé ilé yẹn, wọn kò ní máa wo ògiri. Ilé ẹni tí wọ́n ní ẹjọ́ bá rò ni wọ́n wọ̀.

Ọmọ tó bá wọ ilé òǹkọ̀wé láìka ojú ewé kan nínú ìwé rẹ̀, ilé àlejò ló wọ̀. Àga ló máa rí, kò ní rí nǹkan mìíràn. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ọmọ lọ wo àga.

Bí Gẹ̀ẹ́sì Ṣóyínká bá le fún àwọn kékeré, ẹ wá Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà, ti 1938. Ṣóyínká ló túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ẹ ka ìpínrọ̀ kan sókè ní Yorùbá, kí ọmọ tó dàgbà jù ka ti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ibi tí kò bára mu. Ọmọdé fẹ́ràn kí wọ́n ká àgbà mọ́ ibi àṣìṣe.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kó wọn lọ sí Abere ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ tó lọ sí Ifẹ̀. Mo máa bá yín lọ.

Àdùkẹ́ Ayétòrò (Texas ni mo wà báyìí)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yín ló mú mi rántí nǹkan kan tó ń dùn mí nínú. Ní yunifásítì Texas tó wà ní Austin, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Harry Ransom Center. Ìwé àti iṣẹ́ àfọwọ́kọ àwọn òǹkọ̀wé ni wọ́n kó síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé sí yàrá àfihàn rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní kọ́bọ̀. Bíbélì tí Gutenberg tẹ̀ ní nǹkan bí 1455 wà nínú gíláàsì níbẹ̀. Mo dúró tì í, mo ń wo yíǹkì tó ṣì dúdú bí kóró iṣin.

Ẹ gbọ́ eléyìí: ìwé àfọwọ́kọ Amos Tutuọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn kò sí nínú àfihàn, yàrá ìkàwé ni o máa lọ, wàá forúkọ sílẹ̀, wàá kó báàgì rẹ sílé ìpamọ́, pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n gbà kí o mú wọlé. Ẹ̀yin ẹ ní ilé òǹkọ̀wé ní wákàtí kan sí Òṣogbo, ẹ ń jiyàn lórí Kósítà. Ẹ lọ o!

Ohun kan tí mo rí kọ́ lọ́dọ̀ wọn, tó máa wúlò fún ọmọ: ẹ má jẹ́ kí wọ́n wo gbogbo nǹkan. Kí oníkálukú mú nǹkan KAN nínú ilé, kí ó jókòó tì í, kí ó kọ ohun tó rí nípa rẹ̀ tàbí kí ó yà á. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fún wọn níbẹ̀ náà. Bírò a máa jo.

Great Ifẹ̀ Part 3

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo wà nínú ọgbà báyìí, Òṣogbo sì nilé wa, lọ́nà Ìbòkun.

Láti géètì wá sínú ọgbà kì í ṣe ìrìn ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yín wọlé, kí lẹ́tà yín àti káàdì ìdánimọ̀ àgbàlagbà kan wà lọ́wọ́ níwájú ọkọ̀, kì í ṣe nínú báàgì tó wà lábẹ́ kúlà ìrẹsì. Àwọn síkiọ́ríìtì á béèrè. Àárín ibi tí àwọn olùkọ́ ń gbé ni ilé náà wà, àwọn èèyàn ń sùn wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ nítòsí, nítorí náà kí awakọ̀ yín pa orin rẹ̀.

Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ wádìí bóyá ASUU kò sí lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, bóyá kò sí ayẹyẹ kankan. Ọjọ́ kọ́nfokéṣọ̀n, ọkọ̀ a máa tò bí èèrùn.

Àtúnṣe díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Púpọ̀ nínú wa rò pé ilé yẹn ló wà nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel. Rárá o. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1985, 1986 ni ẹ̀bùn náà dé. Orúkọ ọgbà náà pàápàá nígbà tó ń gbé ibẹ̀ ni University of Ife, 1987 ni wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é. Bí ọmọ bá rí orúkọ méjèèjì nínú ìwé, ẹ má jẹ́ kí ó rò pé yunifásítì méjì ni.

Bí àkókò bá ṣẹ́kù, mùsíọ́mù mìíràn wà nínú ọgbà, ti ẹranko àti òkúta àti ewéko, Natural History Museum. Ẹ ṣọ́ra fún un o. Bí ẹ bá kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ẹ ò ní rí wọn kó jáde mọ́. Ti Ṣóyínká ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas gan-an, ẹ kú àárò ilé. Tíṣà, mo ti ń kọ lẹ́tà. Ìbéèrè kan ló kù: oúnjẹ wo la máa dì, kí la máa fún ẹni tó bá mú wa yíká?

Oníbúrẹ́dì Ìgbọ̀nà

Ẹ má fún wọn ní mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn o. Mo bẹ̀ yín. Ọmọ 22 nínú ọkọ̀ kan, fèrèsé méjì kò ṣí.

Búrẹ́dì àti ẹyin sísè láàárọ̀, jọ̀lọ́ọ̀fù nínú kúlà fún ọ̀sán, òde ni kí wọ́n ti jẹ ẹ́. Ẹ kó ọ̀rá lọ́wọ́ fún ìdọ̀tí. Ẹni tó mú yín yíká, kò béèrè, ẹ má fi owó lé e lọ́wọ́ níwájú àwọn ọmọ. Kí ọmọ kan dúró kó dúpẹ́ dáadáa, kí àwọn yòókù kúnlẹ̀ kí wọ́n sì dọ̀bálẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ mú búrẹ́dì mi kan fún un, mà á kó o fún yín.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà *(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)*

A ti lọ, a ti bọ̀ o! A dúpẹ́.

Abere la kọ́kọ́ lọ, Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun bá wa lọ lóòótọ́, òun ló tún sọ̀rọ̀ ju àwọn ọmọ lọ. Èsì lẹ́tà Ifẹ̀ dé lọ́jọ́ kẹsàn-án, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà la bá. Ọkọ̀ tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́, 17, láti Òṣogbo dé géètì. Ẹnikẹ́ni kò bì.

Ohun tí n kò ní gbàgbé: a dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé, ọmọ kékeré jù láàárín wọn dúró, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Mà, ṣé ilé bàbá kọ́ ni?" Àwọn yòókù wo ara wọn, gbogbo wọn bá bọ́ bàtà. Ẹni tó ń mú wa yíká rẹ́rìn-ín títí, ó ní kò pọn dandan, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Báyìí ni ọmọ 22 ṣe rin gbogbo ilé náà láìwọ bàtà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni pé onílé ń sun oorun ọ̀sán.

Ti Àdùkẹ́ la ṣe, nǹkan kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọbìnrin kan mú fèrèsé. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo ìta, kò kọ nǹkan kan títí. Mo fẹ́ lọ bá a wí, Tíṣà tó bá wa lọ dì mí lọ́wọ́ mú. Nígbà tó ku díẹ̀ kí àkókò pé, ó kọ ìlà kan: "Igi yìí ti dàgbà jù mí lọ, bóyá ó mọ̀ ọ́n."

Ní bíbọ̀, ẹjọ́ Olókùn-Ẹṣin ni wọ́n ń rò láti Ifẹ̀ dé Ẹdẹ. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13 kan fárí pé òun ò lè kú fún bàbá òun láé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní bàbá náà kò ní kú fún un. Bàbá wọn ló jókòó síwájú ọkọ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Bàbá Onímọ́tò Old Garage

17! Májà-májà ì bá ti rí iṣẹ́ ṣe.

Oníbúrẹ́dì Ìgbọ̀nà

Ìyá Ìbejì, ẹ gbàgbé nǹkan kan. Ọmọ mi gbé sálúbàtà búlúù wálé láti Ifẹ̀, ti ẹsẹ̀ òsì méjì. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbé ti ọ̀tún méjì délé, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ní aago méje àárọ̀ kí búrẹ́dì tó jáde.